Ìka Méjì Àtàndá

Ní Ifangni, tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn àgbà ọkùnrin tó jókòó níwájú mọ́sáláṣí bú sẹ́rìn-ín, ẹ ṣáà na ìka méjì sókè. Ẹ má sọ nǹkan kan. Wọ́n á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ṣàkírù Àtàndá lẹ fẹ́ dá sílẹ̀, awakọ̀ tó fẹ̀yìn tì tó wá fi yàrá àlejò ilé rẹ̀ kọ́ rélùwéè. Ẹgbẹ́ mi ni Àtàndá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bá mi wí pé mò ń pè é lórúkọ. Bó bá wà láyé, tí mo bá pè é ní Alàgbà pẹ́nrẹ́n, á ní ṣé mo fẹ́ sọ òun di arúgbó ni.

Rélùwéè tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀ o. Kékeré ni, orí tábìlì ló ń sá. Sípókù kẹ̀kẹ́ ni irin rẹ̀, agolo sàdíìnì ni ọkọ̀ rẹ̀, mọ́tò inú rédíò kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú ló ń wọ́ ọ, pòpòrò àgbàdo sì ni wọ́n gbẹ́ ṣe èrò inú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣe é. Àbdùlàzéèzì tó ń tún fóònù ṣe ní Lagbé ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, bí àwọn òyìnbó arúgbó ṣe ń tẹ́ irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ sínú ilé wọn. Ìfẹ́ rẹ̀ ran Àtàndá, ó sì ran Véronique, aránṣọ kan ní Ko-Koumolou. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bí ẹnì kan bá kan ìṣó kan ṣoṣo, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn méjì tó kù á sì kí i kú oríire, "Félicitations!"

Àdéhùn wọn ni pé kí kálukú kọ́ ìlú tirẹ̀ sórí tábìlì tirẹ̀, kí wọ́n wá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ọkọ̀ lè gbéra ní Ko-Koumolou, kó gba Lagbé kọjá, kó sì gúnlẹ̀ sí Ifangni lọ́dọ̀ Àtàndá. Àbdùlàzéèzì béèrè pé báwo ni kí àlàfo àárín irin méjèèjì ṣe fẹ̀ tó, kí ọkọ̀ ẹnì kan lè wọ ojú irin ẹnì kejì. Ohùn Àtàndá ló dá a lóhùn lórí fóònù.

"Ìka méjì. Kí ẹnikẹ́ni má lọ wá tépù kiri. Ta ni kò ní ìka nínú wa?"

"D'accord, Ẹ̀gbọ́n," Àbdùlàzéèzì gbà.

"D'accord, Bàbá," Véronique náà wí.

Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n kan ìṣó, wọ́n tẹ irin, wọ́n ń ya fọ́tò, títí tí òjò fi rọ̀ tó sì dá. Nígbà tí ọjọ́ ìsopọ̀ pé, Véronique di tábìlì tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Àbdùlàzéèzì ru tirẹ̀ wá, gbogbo àdúgbò sì kún ilé Àtàndá fọ́fọ́. Wọ́n ti àwọn tábìlì náà mọ́ra wọn. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa tó rí i pé ojú irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Àtàndá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ yí táyà, ìka rẹ̀ nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmìnì. Véronique, abẹ́rẹ́ ló ń mú. Àbdùlàzéèzì wà láàárín.

"Bàbá, kí lẹ fi wọn tiyín?" Véronique béèrè.

"Ìka méjì."

"Ìka méjì lèmi náà fi wọn tèmi."

"Ìka wo?" Àtàndá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè kí gbogbo èrò lè rí i. "Èyí? Èyí kì í ṣe ìka, ìgbálẹ̀ ni! Ìyá Hàsíátù, jáde wá o, wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ìka ní Ko-Koumolou!"

Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ jáde, ó wo ọwọ́ Véronique, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà ò kan òun. Àbdùlàzéèzì gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Tiyín ló fẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká tún un tò."

"Kí n tún kí ni tò? Ìka tí Ọlọ́run fún mi, kí n padà lọ bá a pé ó ti pọ̀ jù? Láéláé, jamais!"

Ló bá jókòó sórí àga, ó fi apá méjèèjì gbá tábìlì rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò dìde. Àwọn méjì tó kù gbé tábìlì wọn, wọ́n lọ. Látọjọ́ náà, tí ẹ bá dé ọjà Ifangni tí ẹ ní kí alápatà gé ẹran fún yín kó fẹ̀ tó ìka méjì, á kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á bi yín pé, "Ti Àtàndá ni àbí ti Véronique?"

Kí ẹ tó ní alágídí ni, òótọ́ ni, alágídí ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọkọ̀ èrò ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti Ifangni dé Àjàṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Rélùwéè ti àwọn òyìnbó a máa ní aago tó fi ń gbéra. Ti Àtàndá kì í gbéra àfi tó bá kún. Ẹ lè dúró síwájú tábìlì rẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín kú. Á máa pe èrò: "Ifangni! Ifangni! Ó ku ẹnì kan!" Bẹ́ẹ̀ Ifangni náà ni ọkọ̀ ọ̀hún dúró sí o. Á gbẹ́ pòpòrò míì, á fún un mọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀, á ní kí wọ́n sún mọ́ra wọn. Ìgbà tó bá wá tan iná sí i, ọkọ̀ á gbọ̀n, kò ní lè ṣí kúrò lójú kan nítorí èrò ti wúwo jù. Àtàndá á na ọwọ́, á fi ìka kan tì í díẹ̀ nídìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ti ọkọ̀ rẹ̀ láyé ìjọ́sí.

Ìtàn ńkọ́? Ó ní òun wọ rélùwéè lọ sí Pọ̀bẹ́ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni rélùwéè ọ̀hún ń gùn sí i lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbọ́ ọ kẹ́yìn, orí rẹ̀ ti dé Pọ̀bẹ́, ìdí rẹ̀ ṣì wà l'Ájàṣẹ́. Sàdíátù ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bó bá gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló tún ń sá lọ fún? Kí èrò kúkú máa fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀ lọ sí Pọ̀bẹ́."

Àtàndá yíjú sí tábìlì rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò.

Obìnrin náà ní ìdí tó fi ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Látìgbà tí tábìlì ti gba yàrá àlejò, ìta gbangba ló ti ń gba àlejò, lóòrùn, lójò. Ọjọ́ kan Àáfà wá kí wọn, wọ́n ṣe ojú àánú, wọ́n fún un láyè kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Àáfà ṣí fìlà, ó gbé e sórí irin láìmọ̀. Rélùwéè yí dé, ó forí sọ fìlà, ó ṣubú, èrò fọ́n ká. Àtàndá ké gbàjarè: "Àáfà! Ẹ gbé òkè yẹn kúrò lójú ọ̀nà!" Àáfà gan-an ló ń sọ èyí fún wa, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́kàn Àtàndá. Ó kọ́ ibùdókọ̀ kan sórí tábìlì yẹn tó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní òrùlé, ó ní bẹ́ńṣì, gèlè Sàdíátù tó ti gbó ló fi ṣe ìbòòrùn rẹ̀. Ẹni tó bá sì wọkọ̀ níbẹ̀, á yí po tábìlì, ibẹ̀ náà ni á tún ti sọ̀ kalẹ̀. Ará Ifangni ń lọ láti Ifangni sí Ifangni. Ẹnikẹ́ni ò ti ibòmíì wá rí. Lẹ́yìn náà Àbdùlàzéèzì sún irin tirẹ̀ mọ́ra, ó bá ti Véronique dọ́gba, fọ́tò sì jáde lórí WhatsApp: èrò Ko-Koumolou ti gúnlẹ̀ sí Lagbé, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Àtàndá kọ "Félicitations" ránṣẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìyá Hàsíátù," ó wí, "ibùdókọ̀ tí àlejò kò wọ̀ rí, ṣé ibùdókọ̀ nìyẹn?"

"Tún irin yẹn tò, kí àlejò lè wọlé."

Ó tún gbé fóònù, ó wo fọ́tò náà. Sàdíátù ló wá sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà pé Àtàndá ti gbìyànjú láti tún un tò. Ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà yẹn, kò lè di ìṣó mú mọ́. Kó sì pe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé kí wọ́n wá bá òun ṣe é, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Èmi tí mò ń fi ojoojúmọ́ bá a ṣàwàdà, n ò mọ̀.

Àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀. Véronique àti Àbdùlàzéèzì wá kí i, wọ́n jókòó sẹ́bàá ibùsùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín tún un tò. Ká lè rí i kí èrò wa dé ọ̀dọ̀ yín."

Àtàndá pa ojú dé. A rò pé ó ti sùn. Ló bá ṣí ojú kan.

"Véronique, tó o bá lọ ra aṣọ ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tó gbé ọ lọ́hùn-ún, ṣé òun ló ń gbé ọ wọ inú ilé?"

"Rárá, Bàbá. Màá sọ̀ ní ẹnubodè, màá gun alùpùpù zẹ́míjàn délé."

"Ṣé wọ́n ń tún Nàìjíríà tò nítorí rẹ?"

"Rárá o."

"Voilà!" Àtàndá fẹ́ dìde jókòó, wọ́n ní kó rọra. "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín dúró ní etí tábìlì yín. Kí tèmi dúró ní etí tèmi. Ẹ fi alùpùpù zẹ́míjàn sáàárín! Ẹnubodè ni wọ́n bí yín sí, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò sì ronú kan zẹ́míjàn láti ọjọ́ yìí!"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi ń ṣàìsàn," Àtàndá wí.

Ẹ̀rín rẹ̀ wá di ikọ́, Sàdíátù sì lé wọn jáde. Inú Àtàndá dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Àbdùlàzéèzì fi wáyà ṣe alùpùpù, Véronique rán ẹ̀wù kékeré fún ẹni tó máa gùn ún. Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú. Àtàndá ní kí wọ́n gbá ibùdókọ̀ òun mọ́, kí wọ́n nu bẹ́ńṣì. Ó ní àlejò ń bọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí Sàdíátù lọ gbé omi gbígbóná fún un láàárọ̀, ó ti lọ.

Ọjọ́ fìdáù rẹ̀, ilé ò gbèrò. Lẹ́yìn àdúà, Àáfà fúnra rẹ̀ ló béèrè pé àwọn tábìlì yẹn ńkọ́. Wọ́n gbé wọn wá, wọ́n tò wọ́n bí olóògbé ṣe wí. Ọkọ̀ Véronique gbéra ní Ko-Koumolou, ó gba Lagbé kọjá, ó dúró ní etí tábìlì. Èrò sọ̀ kalẹ̀. Àbdùlàzéèzì di mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn zẹ́míjàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi òwú fà á. Zẹ́míjàn rìn díẹ̀, ó takìtì, gbogbo wọn bọ́ sórí ẹsẹ̀ Àáfà. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bá wọn wá nọ́ḿbà alùpùpù yẹn!" Ẹ̀rín gba ilé kan. Àáfà fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà bo ẹnu, kò bo nǹkan kan.

Wọ́n tún un ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ló gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin pòpòrò kan tí Véronique ró ní ìró. Ó kọjá láìfarapa. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ Àtàndá, fún ìgbà àkọ́kọ́ ọkọ̀ yẹn sì gbéra láìkún. Ó yí, ó dé ibùdókọ̀, wọ́n gbé obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Gbogbo ilé na ọrùn wò ó.

"Bàbá Hàsíátù," Sàdíátù wí, "àlejò ti dé o."

Àbdùlàzéèzì nu ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tún irin yìí tò báyìí. Ká mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kí ọkọ̀ lè máa wọlé tààrà. Ká fi ṣe ìrántí Ẹ̀gbọ́n."

Sàdíátù tó ti ń fi gbogbo ẹnu bú tábìlì náà láti ọjọ́ tó ti wọ ilé rẹ̀ dìde, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì àti tábìlì náà.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin ọkọ mi. Ṣé orí ọkọ̀ lẹ ti máa ń kí àgbà ní Lagbé ni? Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ Àtàndá, kó sọ̀ kalẹ̀, kó kí i."

Véronique na ọwọ́, ó mú àlejò náà kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí ó fi kúnlẹ̀ níwájú ibùdókọ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá," ó wí.