Ọjọ́bọ̀ Tí Mo Yí Padà Létí Ẹrẹ̀

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní abúlé yẹn, kó tó rí ilé kankan. Ẹ̀yìn Ẹ̀gùá ló wà, níhà ibi tí ilẹ̀ ti dúdú bí èédú, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ á máa fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ pé kí n lọ máa kọ́ wọn ní báólójì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ olùkọ́. Mo gba yàrá kan síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, Ayétòrò ni mò ń sá wá, sílé àwọn òbí mi, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, tí mo ti lè gbọ́ ohùn ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ìwọ tí mò ń rò ó fún náà ti ṣe olùkọ́ oko rí. O mọ bó ṣe máa ń rí.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá mi. Ẹ̀gẹ́ tó máa ń bó kó tó wá síléèwé ti sọ orí ìka rẹ̀ di funfun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán ọkàn ènìyàn sójú pátákó bíi tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo iṣan tó wọlé àti èyí tó jáde. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló fẹ́ kọ́. Abúlé wọn kò ní agbẹ̀bí kankan. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti ń gbé aboyún tó ń rọbí lọ sí Ẹ̀gùá. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fàáké kọ́rí pé òun nílò rẹ̀ lóko. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní yàrá mi, ó ṣí fìlà, kò jókòó.

"Olùkọ́, èmi ò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo fi í lé yín lọ́wọ́."

Wọn ò ní fóònù nílé wọn, nítorí náà nọ́ńbà tèmi la kọ sínú fọ́ọ̀mù iléèwé àwọn agbẹ̀bí. Ọmọ náà ṣe ìdánwò, ó sì yege.

Àárín ọlidé gígùn ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi ní Ayétòrò, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Iléèwé àwọn agbẹ̀bí ti fún un láàyè. Kó wá fara hàn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á fún ẹlòmíràn. Mo fò sókè. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé wá. Ṣùgbọ́n Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdána mi. Ní Ọjọ́rú, mo lọ dirun, mo lọ wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ télọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó gbéra lọ sí abúlé láti lọ sọ fún un.

Ní Ẹ̀gùá, ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló gbà láti gbé mi. A ń lọ, a ń lọ, títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti wọnú ẹrẹ̀ dúdú yẹn, ó sì pa ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ọ̀kadà ò lè kọjá ibí o. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Kò ju wákàtí kan lọ."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Omi ti dá rogún káàkiri ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Lókè àwọn igi lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Mo tún rí i bí òjò ṣe ń ṣú bọ̀. Mo ro ti irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, mo ro ti àwọn ìyá ọkọ tó ń bọ̀ wá wò mí. Mo wí fún ara mi pé wọn á fi ọjọ́ kún un, wọ́n sáà máa ń fi kún un.

"Ẹ jẹ́ ká padà," ni mo wí.

Ọlọ́kadà náà wò mí. "Ṣé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kánjúkánjú ni?"

"Kì í ṣe kánjúkánjú."

Wọn ò fi ọjọ́ kankan kún un. Ìdána mi dùn, gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo padà sí abúlé, mo bá ọmọ náà níwájú yàrá mi. Ó ti gbá ojúde náà mọ́, ọwọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mà, ṣé ó ti jáde?"

"Orúkọ rẹ ò jáde."

Ó gbé ọwọ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú wàhálà mi, mà."

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ru iṣu wá, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, pé òun rí bí mo ṣe sapá tó. N kò lè se iṣu náà. Kọ̀rọ̀ yàrá ni mo kó o sí, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi hù.

Ọmọ náà kò tún ìdánwò ṣe mọ́. Ó padà sóko, lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ó ti lọ sí Ìbẹ́sẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ àjàgbé. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń ya àwòrán ọkàn sójú pátákó, ọwọ́ mi á ṣàdédé dúró, àwọn ọmọ á sì máa wò mí. Mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi nígbà tí òjò bá ń rọ̀: kì í ṣe kánjúkánjú. Ọkọ mi bi mí títí ohun tó ń ṣe mí. N kò sọ.

Mo wá dìrọ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ṣì wà ní kíláàsì kékeré nígbà náà. Mo ń kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, mo ń wá ìwé fún un. Nígbà tí àkókò tirẹ̀ tó, tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi, mo kó bàtà mi sọ́wọ́, mo la ẹrẹ̀ yẹn kọjá, mo sì fúnra mi mú un dé ẹnu ọ̀nà iléèwé àwọn agbẹ̀bí. Mo rò pé ìkọ̀kọ̀ ni mo ti ń ṣe ètùtù.

Ní èṣín, mo ń lọ sí Ìlaròó, àwọn àjàgbé sì dí ọ̀nà mọ́ wa ní Ìbẹ́sẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti wá nǹkan jẹ, mo yà sí abẹ́ búkà kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà nídìí ìkòkò. Ó ti sanra díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu ìrẹsì fún mi.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ," ni mo wí. "Lọ́dún yẹn, orúkọ rẹ jáde."

Ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi ìgbakọ ro ọbẹ̀ kò dúró. "Mo mọ̀, mà. Lọ́dún yẹn náà ni mo gbé gàrí lọ tà ní Ayétòrò, mo yà síbi tí wọ́n ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní wọ́n ti fún mi láàyè, pé ọjọ́ ló kọjá."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Bí mo bá sọ fún Bàbá, wọn ò ní jẹ́ kí àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ta ni ì bá wá kọ́ ọ?"

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Ó wo ojú títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tò sí. "Ó dùn mí, mà. Ó ṣì ń dùn mí." Awakọ̀ kan ké sí i pé kó bu ẹran kún tòun. "Ẹ nu ojú yín, mà. Àwọn oníbàárà ń wò wá."

Àbúrò rẹ̀ ti ń gbẹ̀bí nísinsìnyí ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n kọ́ sí àgbègbè náà. Bàbá wọn ti kú, ó sì ń ṣàdúrà fún mi títí ó fi kú. Àwọn ènìyàn ń pè mí ní ẹni tó la ojú abúlé yẹn. Bí wọ́n bá pè wá sípàdé, tí wọ́n bi wá léèrè ohun tí kì í jẹ́ kí ọmọ oko dé iléèwé gíga, a máa ń dárúkọ ọ̀nà, a máa ń dárúkọ nẹ́tíwọ̀kì àti ìṣẹ́, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ kan tó ti borí bàbá tó kọ̀ jálẹ̀, tó borí ẹ̀gẹ́ àti ìdánwò, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá há. N kò gbà pé ó ti dárí jì mí, n kò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni olùkọ́ rẹ̀, èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló ṣe ohun tó nira fún mi láti ṣe létí ẹrẹ̀: ó fi tara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀nà ẹlòmíràn má baà dí.