Ìdámẹ́ta Tó Fẹ́ Da Àárín Èmi àti Bọ́lá Rú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìdámẹ́ta kan ṣoṣo ṣe fẹ́ gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Àwọn ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Èmi ọmọ Osi, Bọ́lá ọmọ Iloffa, yàrá kan náà là ń gbé ní yunifásítì, ìṣirò là ń kà. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n á béèrè èkejì. Kódà ọṣẹ kan náà là ń fi wẹ̀!

Nígbà ọlidé, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ tí a ó jọ ṣe. Mátíríìsì méjì ni, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà. Ká wá nọ́ńbà pàtàkì méjì tó so wọ́n pọ̀. Àígínfálù là ń pè wọ́n. Láràárọ̀ Sátidé, Bọ́lá á wọ mọ́tò wá sílé wa ní Osi, màmá mi á se iṣu, a ó tẹ́ pépà sórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò. Áà, ìgbà yẹn dùn!

Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kálíkúlétọ̀ fún mi láti Kàdúná ni. Ẹ wo ìgbéraga! Pẹ́ńsùlù ni Bọ́lá ń lò ní tirẹ̀. Nígbà tí a parí, ó rí 3 àti 3. Èmi ńkọ́? 2.99 àti 3.01.

Mo ní ó ti ṣì í. Ó ní èmi ni. Mo wá la ẹnu mi, mo ní ṣé ẹni tó ń fọwọ́ ṣírò ló fẹ́ bá ẹ̀rọ jiyàn? Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Bọ́lá wò mí, ó ká pépà rẹ̀, ó gba gáréèjì lọ. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan iṣu.

Sátidé kejì, kò wá. Ìkẹta, kò wá. Màmá mi bi mí pé ọ̀rẹ́ mi dà, mo ní ara rẹ̀ ò yá. Irọ́! Àárò rẹ̀ ń sọ mí, agídí ni ò jẹ́ kí n lọ.

Mo bá jókòó tún un ṣe, kí n lè fi hàn án pé èmi ni mo gbà á. Mo rántí ibì kan tí Bọ́lá kọ ⅓ sí, tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ 0.3333, bẹ́ẹ̀ 3 ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tán. Mo ń to 3 sí i nídìí títí ojú kálíkúlétọ̀ fi kún, mo wá tún un ṣírò. Ẹ gbà mí! 2.9997 àti 3.0003. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ìdámẹ́ta rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn mi ń sún mọ́ tirẹ̀.

Àígínfálù tó bá dá wà, àṣìṣe kékeré kì í sábà sún un jìnnà. Ṣùgbọ́n méjì tó papọ̀ sójú kan bí ti wa yẹn, èérún tí mo gé kúrò lára ìdámẹ́ta ti tó láti yà wọ́n.

Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday, Iloffa ni mo gbà lọ. Màmá Bọ́lá ló ṣílẹ̀kùn. “Ùwọ rè é? Bọ́ s'úlé jàre!”

Mo sọ fún Bọ́lá pé òun ló gbà á, kó forí jì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdáhùn ló dun òun. Ó ní ká ní ẹlòmíì ló sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni, òun ì bá fi ṣẹ̀rín.

Títí dòní, tí mo bá ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, Bọ́lá á ní, “Ó tún ti kọ 0.3333!”

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ẹni tó sún mọ́ wa jù ni ọ̀rọ̀ kékeré ẹnu wa máa ń dun jù. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti fẹ́ ya ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín rí? Ẹ sọ ọ́ síbí. Tí ẹ ò bá sì tíì lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ dìde, mọ́tò ṣì ń ná ọ̀nà Iloffa!