Bí Ìyá Méje Ṣe Gbé Ọkọ̀ Ọdẹ Gun Òkè Ìgàndò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Ara mi ò tíì balẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí! Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, síbẹ̀ mo fò sókè láàárín títì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ọkọ̀ ọdẹ ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ọdẹ!

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ mí, ọmọ onílẹ̀ ni mí ní Ìgàndò, tíṣà físíìsì sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdẹ ni bàbá wa. Ojú ọ̀nà tó lọ sí igbó ọdẹ wọn, lápá ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ìyá mi bí mi sí, létí odò kékeré kan. Wọ́n sin ibi mi sí ìdí igi ìyeyè tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Abíọ́nà.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí igi yẹn. Ṣé mo rí i? Ta ni yóò jẹ́ kí n rí i, nígbà tí Kàmọ́rù wà láyé?

Kàmọ́rù ni àbúrò mi, ọmọ bàbá mi. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, bàbá wa ṣèlérí pé àwọn máa gbé mi lọ wo ibi tí wọ́n bí mi sí. Mo ti jókòó sínú jíìpù wọn, mo ti gbé báàgì mi lé itan. Kàmọ́rù ṣílẹ̀kùn, ó já báàgì náà gbà, ó sọ ọ́ sí gọ́tà! Ó ní ọkọ̀ ọdẹ kì í gbé obìnrin, pé bí obìnrin bá fi wọ̀ ọ́, ìbọn ò ní dún mọ́. Bàbá wo ilẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ yọ báàgì mi nínú gọ́tà. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó parí, bàbá ti kú, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀nà ibẹ̀ mọ́ àfi àwọn ọdẹ.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàgbé o. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé.

Kàmọ́rù wá di Alhaji, ó di olórí àwọn ọdẹ ìdílé wa. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ yan ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa gbé àwọn lọ sígbó, torí pé ọ̀nà ibẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá sísọ: àpáta, ẹrẹ̀, odò tí kò ní afárá. Wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ bàbá mi ni ilé yẹn dúró sí, àbí? Mo gbé àga mi lọ.

Ẹ wá wo ọkọ̀! Kàmọ́rù gbé jíìpù kan wá, ó dúdú, gíláàsì rẹ̀ dúdú, taya rẹ̀ ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ó ní ọkọ̀ ọkùnrin nìyí. Wàhábì, ọdẹ kan tó ní ìyàwó méjì tí kò sì ní sùúrù ẹyọ kan, ní ọ̀kadà ló dáa jù, pé kò síbi tí ẹsẹ̀ gbà tí ọ̀kadà ò gbà. Èmi ní pikọ́ọ̀pù Múfú, awakọ̀ àdúgbò wa, ni kí wọ́n mú.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Ọkọ̀ tí Múfú fi ń kó búlọ́ọ̀kù àti pákó ni. Ó ti gbó débi pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí èrò ń jókòó sí kì í ṣí láti inú mọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, àfi kí ẹlòmíì ti ìta ṣí i fún un kó tó lè jáde.

Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá bi Kàmọ́rù pé taya mélòó ni ẹ́ńjìnnì jíìpù rẹ̀ ń yí.

"Àǹtí, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì. Mẹ́rin náà nìyẹn, ẹ kà á!"

Àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ga ni jíìpù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé taya iwájú méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, tí ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e bí aláìníṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé olóṣèlú. Bí irú rẹ̀ bá ń gun òkè, ìwúwo rẹ̀ á fì sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, taya á wá máa yí lásán. Taya ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù ń yí ní tirẹ̀. Bó bá ṣe ń gùn ni taya yẹn á máa tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i.

Kàmọ́rù yán. Ó ní ìwé ni Àǹtí òun mọ̀, pé ta ló kọ́ físíìsì kó tó pa ẹfọ̀n?

Mo dìde lórí àga mi! Mo ní ó dáa, kò yẹ ká dé igbó ká tó mọ òótọ́, ṣebí òkè àdúgbò wa nìyí! Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀yìn Ìgàndò, ẹ mọ bí títì wa ṣe máa ń rí lásìkò òjò. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Láti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánààlì títí dé ẹnu géètì Kàmọ́rù, ẹrẹ̀ pupa ni, àti ihò tó lè gbé ewúrẹ́ mì, àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí àwọn onílé dà sí i. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kọ̀yìn sí i. Igbó wo ló tún burú jù yẹn lọ?

Mo ní kí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀nà ẹ̀yìn yí lọ sísàlẹ̀, kí kálukú gun òkè wá pẹ̀lú ẹrù. Bí tèmi bá gùn ún, òun ni wọ́n máa mú, èmi náà á sì jókòó síwájú rẹ̀ lọ sígbó.

Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. "Bí pikọ́ọ̀pù Múfú bá gun òkè yìí, ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣílẹ̀kùn fún yín, Àǹtí!"

Mo ní kí gbogbo ọdẹ jẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Wàhábì ló kọ́kọ́ gbéra. Ó de àpò yanrìn kan sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ní ìgalà tóun pa nìyẹn. Ó ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, ó dé òkè lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti bò ó dé eyín, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. A bi í pé ẹran dà? Ó ní ẹran ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó wá kan jíìpù. Ọdẹ márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, Kàmọ́rù ló ń wà á, ó ń fọn fèrè bíi gómìnà. Ó dé ìdajì òkè. Taya iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìrì, ẹrẹ̀ ń fò ba ògiri àwọn èèyàn. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i ló ń rì sí i, títí ikùn rẹ̀ fi gúnlẹ̀ sórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Jíìpù jókòó! Àwọn ọdẹ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi pákó tì í padà sísàlẹ̀. Kàmọ́rù fẹsẹ̀ rìn dé òkè, ó ní títì yẹn ò dáa. Ẹ gbọ́ o! Kí ni a tún wá ń dán wò?

Èmi ti wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ Múfú nígbà yẹn. Mo ní kó yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú taya ẹ̀yìn méjèèjì. Ó wò mí, ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń wakọ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń ní kóun fi kún taya. Mo ní nínú ẹrẹ̀, taya tó bá rọ̀ díẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì di ilẹ̀ mú. Ó yọ ọ́. Ó gbéra.

Háà! Ibi tí jíìpù jókòó sí gan-an ni pikọ́ọ̀pù dé tí taya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Ó yọ̀, ó padà sẹ́yìn wá bá mi. Àwọn ọdẹ hó yèè!

Kàmọ́rù ké látòkè: "Àǹtí! Físíìsì dà?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, omi lé ròrò sójú mi. Ṣé bí mo ṣe máa kú láìrí igi yẹn nìyí? Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ni mo bá gbá ara mi lórí. Ọkọ̀ ṣófo! Ọ̀kadà gbé yanrìn, jíìpù gbé ọdẹ márùn-ún, tèmi ò gbé nǹkan kan. Ẹ̀yìn fúyẹ́, kí ni yóò tẹ taya mọ́lẹ̀? Mo ké sí àwọn ọdẹ pé kí wọ́n wá wọ̀ ọ́. Kàmọ́rù ní ọdẹ kankan ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án.

Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn ìyá ìjọ Aládùúrà ìsàlẹ̀ kánààlì fi yọ. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wọ́n jẹ́ méje, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ká etí aṣọ sókè, wọ́n ń wo ẹrẹ̀ bí ẹni ń wo ejò. Ìyá Ẹ́sítà ni olórí wọn, ọ̀rẹ́ mi tipẹ́tipẹ́.

Mo ní, "Ìyá Ẹ́sítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ kẹ́ ẹ bá wa gòkè."

"Abíọ́nà, ọkọ̀ tí ò lè gbé ara rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa gbé e!"

Ó wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ti gbàdúrà fún ọkọ̀ láàárọ̀, àwọn ò kàn dárúkọ irú èyí táwọn fẹ́ ni. Múfú fi pákó ṣe àtẹ̀gùn fún wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó sẹ́yìn pátápátá, lórí taya. Ìyá Ẹ́sítà bi mí pé ṣé torí pé òun sanra ni? Mo ní ọjọ́ tí Ọlọ́run torí rẹ̀ dá sísanra nìyí.

Kàmọ́rù bá figbe ta pé obìnrin ò gbọdọ̀ wọkọ̀ ọdẹ!

Mo ní, "Ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù ni! Àbí o ti mú un ni?"

Àwọn ọdẹ tirẹ̀ gan-an rẹ́rìn-ín.

Múfú fi í sí jíà kìíní. Mo ní kó má tẹ iná púpọ̀, kó máa rọra lọ. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó dé ibi tí jíìpù jókòó sí, taya yọ̀ díẹ̀, ó tún di ilẹ̀ mú! Àwọn ìyá di ara wọn mú, wọ́n ń kọrin. Èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú ẹrẹ̀, bàtà mi kan kù síbẹ̀, mi ò padà mú un títí dòní. Pikọ́ọ̀pù Múfú lọ dúró wámúwámú sẹ́nu géètì Kàmọ́rù! Ibẹ̀ ni mo ti fò sókè. Ìyá Ẹ́sítà sọ̀ kalẹ̀, ó kí Alhaji pẹ̀lẹ́, ó ní kó má bínú o, àwọn ti fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ rẹ̀.

Wọ́n mú pikọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní òwúrọ̀, Kàmọ́rù ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò wo ojú mi. "Àǹtí, ẹ wọlé." Mo wọlé, mo gbé báàgì mi lé itan. Òun àti àwọn ọdẹ àti ajá lọ sẹ́yìn, torí pé ọkọ̀ nílò ẹrù.

Ẹ rántí ilẹ̀kùn yẹn o! Kì í ṣí láti inú. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, màá kan gíláàsì, Kàmọ́rù á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, á yí wá, á ṣí i. Mo ní kí n na ẹsẹ̀: ó ṣí i. Mo ní kí n ra ọsàn: ó ṣí i. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí n má purọ́, ẹsẹ̀ ò dùn mí rárá.

A dé odò náà. Mo mọ igi ọ̀hún kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn mí. Ìdajì rẹ̀ ti kú, ìdajì kejì so jìngbìnnì, ìyeyè pọ́n káàkiri ilẹ̀. Mo kan gíláàsì. Kàmọ́rù wá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó dúró.

Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí bàbá bá ń kọjá níbí, wọ́n máa ń dúró, wọ́n á fọwọ́ kan igi náà, wọ́n á ní, "Abíọ́nà, a ti dé o."

Mo bi í pé láti bí àádọ́ta ọdún, kí ló dé tí kò fi sọ fún mi? Ó ní mi ò bi òun.

Ṣé ẹ rí irú èèyàn yẹn? Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni tàbí kí n sunkún. Mo sunkún. Mo jókòó sídìí igi mi, mo jẹ ìyeyè méjì, ó kan, ó sì dùn.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìbọn dún nínú igbó. Ó dún gbàù! Wàhábì ti pa ẹtu. Mo wo Kàmọ́rù.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ rèé. Bí ẹ bá fẹ́ yan ọkọ̀ tí yóò gba ọ̀nà burúkú lọ sígbó, ẹ má fi dídán yàn án. Ẹ béèrè taya tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbé ẹrù sí. Bí ẹ bá yọ afẹ́fẹ́ taya nínú ẹrẹ̀, kí ẹ tún fi afẹ́fẹ́ kún un kí ẹ tó bọ́ sí títì ọ̀dà o. Kí ẹ sì dán an wò lójú títì àdúgbò yín, ìjọba ò ní bínú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹni tí ẹ lé kúrò nínú ọkọ̀ lónìí lè jẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ yín máa nílò lọ́la.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọkọ̀ wo ló ti já yín kulẹ̀ rí nínú ẹrẹ̀, èwo ló kó yín yọ? Ta ló ti sọ báàgì yín sí gọ́tà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà.

Kàmọ́rù, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ máa ka èyí fún ọ. Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n Múfú ní ẹ tún ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Tètè dé, ilẹ̀kùn ń dúró dè ọ́.