Ahéré Ọ̀nà Ìdòfin

Ọdún tí wọ́n kó ọkọ mi lọ ru ẹrù òyìnbó ni àrùn tí a kì í dárúkọ, tí a ń pè ní ilẹ̀gbóná, wọ Ìlọ́fà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, ó ti ń sáré kiri àgbàlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wẹ̀ fún un, mo rí i pé ara rẹ̀ gbóná, nǹkan wínníwínní sì ti yọ sí iwájú orí rẹ̀. Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti rí i.

Wọ́n dúró lókèèrè, wọn ò wọlé. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o mọ ohun tí ìlú sọ. Gbé e lọ sí ahéré wa lọ́nà Ìdòfin. Gbé oúnjẹ àti omi tì í, kí o sì padà. Bí o bá dúró, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò gbé lọ."

Mo pọn ọmọ mi. Ooru ara rẹ̀ ń jó mi lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń sọ pé, "Ọlọ́run, kí ni kí n ṣe?" N kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ẹyẹ àti ìkérora ọmọ. Mo tẹ́ ọmọ sínú ahéré, mo gbé oúnjẹ àti omi tì í, mo jáde, mo rìn dé ìdí igi obì kan. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé mo ní ìgboyà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo padà wọlé.

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, apá tèmi ni mo ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá ó ti yọ sí èmi náà. Bí ẹ̀fọn jẹ mí, àyà mi á já. Ara ọmọ bò pátápátá, ojú rẹ̀ wú. Omi ń tán lọ, odò sì jìnnà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo rò pé wọ́n tún wá lé wa síwájú ni. Ìyá ọkọ mi ni, wọ́n ru ìkòkò omi, tẹ̀sùbáà wà lọ́rùn wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìkíni lásán ló kù láàárín wa.

Mo kígbe, "Ìyá, ẹ má wọlé! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Wo ojú mi." Àpá wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, n kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí. "Ó ti ṣe mí nígbà èwe. Kì í ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Láti àná, bí mo bá ń kírun, àfi bí ẹni pé wọ́n ń tì mí lẹ́yìn. Gbé ọmọ wá."

Wọ́n ń ro ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbàdúrà ní igun kan, wọ́n ń kírun ní igun kejì. A ò bá ara wa jiyàn.

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ọ̀tún kò ríran mọ́. Àrùn náà kò mú mi. N kò mọ ìdí. Ọkọ mi kò padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ sọ pé àìsàn pa á lọ́nà, níbi tí wọn kò lè júwe fún wa.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, ẹ̀rù tún bà mí, bóyá ju ti ahéré lọ. Ta ni yóò bá mi kọ ebè? N kò tún bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi gbogbo ọ̀nà hàn mí. Mo ní kí ó ṣáà fi ti òní hàn mí. Èmi àti ìyá ọkọ mi gbé ọkọ́, a lọ gbin iṣu.