Fèrèsé Orí Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí Onítṣà ń tún ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ogun, tí owó epo sì ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè ra mọ́tò, ilé ìfowópamọ́ tí bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ gbé e láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí òórùn sìmẹ́ǹtì ṣe máa ń gba àdúgbò kan nígbà náà. Ọkọ̀ tó ní fèrèsé lórí ni bàbá mi rà. Ọwọ́ irin kékeré kan wà lókè orí dírẹ́bà. Bí ó bá ń yí i, orí ọkọ̀ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, àwa ọmọ á na ọwọ́ síta, a ó máa juwọ́ sí gbogbo ayé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí Pápà Ngọ́zì tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe tán, fèrèsé ṣí dé ìdajì, ó há. Mẹkáníìkì ìtòsí wa ni ọkùnrin náà, Ngọ́zì ọmọ rẹ̀ ni mo sì máa ń bá ta tẹ́ńtẹ́ń.

Bàbá mi ní, “Ó ti yọ nǹkan kan níbẹ̀ ni, kí n lè máa padà wá bá a.” Ó ní a ò gbọ́dọ̀ dé ilé wọn mọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Irin kírin tó bá wà lọ́wọ́ wọn, mo fura sí i, títí kan irin tí Mama Ngọ́zì fi ń wa iná.

Ìyá mi ní, “Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni o, Bàbá Bọ́lá.” Bàbá mi ò gbọ́, àfi lọ́jọ́ Sunday tí òjò rọ̀, tí ìyá mi ṣí agboòrùn lé e lórí nínú ọkọ̀ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn fi wá rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyá mi, ó fi kun gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára fèrèsé náà, kí a lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló tó pe Pápà Ngọ́zì. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, èmi náà jókòó tì í, a ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà láìṣẹ́jú.

Pápà Ngọ́zì tú ìdérí tó wà létí fèrèsé, ó fẹnu fẹ́ ojú irin tí fèrèsé náà ń gbà kọjá. Ló bá sín. Ó tún sín. Bàbá mi náà sín.

“Papa Bọla,” ni Pápà Ngọ́zì wí, ó ń nu ojú, “who dey grind pepper for your motor?”

Mo wá rántí. Kí fèrèsé náà tó há, ìyá mi ra ata gbígbẹ ní ọjà Ose Okwodu, ó ní kí n sá a sórí ẹní. Adìẹ ò jẹ́ kí n sinmi, ni mo bá lọ sá a sórí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, mo ti bú sẹ́kún. Ìkúnlẹ̀ ọjọ́ náà, orúnkún mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Pápà Ngọ́zì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ha horo ata kúrò, ó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ó ní kí n yí i fúnra mi. Ó pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó ń dá àwọn nọ́ọ̀tì padà ló wá fiyè sí àmì pupa lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo bàbá mi. Bàbá mi fa áńkáṣíìfù yọ, ó fẹ́ nù ún kúrò.

“Leave am,” ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Make e dey.”

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ló ń kọ́kọ́ kí i láràárọ̀. Ó pẹ́ kí Ngọ́zì tó tún bá mi ta tẹ́ńtẹ́ń. Àmì pupa náà ò kúrò níbẹ̀ títí a fi ta ọkọ̀ náà. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ń yí fèrèsé ni ojú rẹ̀ ń kàn án.

Lóde òní, bọ́tìnnì là ń tẹ̀. Fèrèsé orí ọkọ̀ tèmi náà há lọ́dún tó kọjá. Ọmọkùnrin mẹkáníìkì tó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n ra gbogbo rẹ̀ tuntun. Mo fẹ́ pè é ní gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, mo ki ìka bọ ojú irin náà, mo sì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, bóyá ata ni.