Ojú Ewé Tí A Fi Sílẹ̀ fún Màmá

Tẹlifíṣọ̀n ni bàbá mi ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. Gbogbo àdúgbò ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kámẹ́rà rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ń ya ìyàwó àtọmọ, òun ń ya ojú tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́.

Kì í kúkú ṣe pé orí rẹ̀ yí. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi kàn ń ṣe ráuráu ni." Ráuráu wo? Ta ló mọ èyí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Bàbá mi á gbé álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ ńlá sílẹ̀, á ní, "Ẹ wo ibẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí èyí tó jọ tiyín." Ó ti pín àwọn fọ́tò náà sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́: àwọn tí àwòrán wọn ń yí gbirigbiri lọ sókè, àwọn tó súnkì di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, àwọn tí orí èèyàn kan di méjì, àtàwọn tó ń hó funfun, tẹ́ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju èérún bí iyọ̀ lọ. Èmi ni mo ń bá a kọ àkọlé wọn, torí ọwọ́ ìwé tiẹ̀ ò ṣeé kà.

Àwọn tó ní èyí tó ń hó yẹn ni ẹ̀rù máa ń bà jù. Wọ́n á rò pé ó ti kú pátápátá nìyẹn. Bàbá mi á fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, á ní, "Àwòrán ò lọ síbì kankan. Ó wà nínú ẹ̀. A máa yọ ọ́ jáde."

Ìyá mi nìkan ni kò fẹ́ràn kámẹ́rà yẹn. Lọ́dún tí omi odò ya wọ ilé wa, àpótí tí fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà nínú ẹ̀ bómi lọ, gbogbo fọ́tò tí a ní sì bá a lọ. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé kí bàbá mi ya òun. Bàbá mi á ní, "Ṣé o ń lọ síbì kan ni? Jẹ́ kí fíìmù ṣẹ́ kù ná." Fíìmù ò ṣẹ́ kù rí. Tẹlifíṣọ̀n àwọn oníbàárà ló ń gbà á tán. Bẹ́ẹ̀ la wà tí ibà fi dá ìyá mi dùbúlẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Àbúrò mi obìnrin ṣì wà lẹ́nu ọmú.

Èmi mọ ojú ìyá mi. Àbúrò mi ò mọ̀ ọ́n, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Gbàrà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló ti ń bi mí pé, "Báwo ni Màmá ṣe rí?" Màá ní ó pupa, ó dá èjí, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Á ní, "Bíi ti ta?" Bá a bá ń lọ sí Ọjà'ba, á máa nàka sáwọn obìnrin: "Ṣé bíi tìyẹn?" Ó ti nàka sí ẹnì kan rí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

Ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa ní Àrẹ̀mọ. Kérésì tó ṣáájú ikú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá gba orin wọn sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi tó ọmọ ọdún mẹ́ta, olórí akọrin wá sọ fún bàbá mi pé wọ́n tún fẹ́ gbé ètò náà jáde lọ́sàn-án Kérésì. Fídíò ò tíì dé ọ̀dọ̀ irú wa nígbà yẹn. Bàbá mi ní, "Màá yà á."

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ojú tẹlifíṣọ̀n yà ní gbogbo Ìbàdàn, òun náà ni. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í tan fláàṣì sí i, àfi tó bá fẹ́ ya iná lásán. Ó mọ̀ pé tí kámẹ́rà bá yára ṣẹ́jú jù, ìlà dúdú á gba àárín àwòrán kọjá. Ó ra fíìmù tuntun, ó fi aṣọ dí fèrèsé, ó gbé kámẹ́rà lé orí àpótí. Èmi ti wá ojú ewé kan lẹ́yìn álíbọ́ọ̀mù, mo kọ MÀMÁ sí i gàdàgbà, mo lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí fọ́tò máa wọ̀ sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á múná lọ, àmọ́ iná ò lọ. Akọrin jáde. Bàbá mi ń tẹ kámẹ́rà. Lójijì, ojú ìyá mi kún tẹlifíṣọ̀n, ó ń kọrin, ó wá rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ. Mo nàka, mo ní, "Òun nìyẹn, òun nìyẹn." Ìka mi ni àbúrò mi ń wò. Nígbà tó máa gbójú sókè, wòlíì ìjọ wa ti dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò tiẹ̀ dààmú, torí fọ́tò ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá wa fọ fọ́tò náà tán ní Màpó, èmi ni mo já àpò ìwé rẹ̀. Mo rí olórí akọrin. Mo rí àwọn obìnrin lókèèrè, tí orí wọn kéré bí ẹ̀wà. Mo rí wòlíì. Mo ní, "Bàbá, èyí tó kù dà?"

Ó ní, "Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé bàbá mi ni. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wò ó lójoojúmọ́ ayé yín. Ọmọ yìí ńkọ́?" Ó yẹ kó nà mí. Kò nà mí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, kò sì fọwọ́ bojú. Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Síbẹ̀, inú mi ò rọ̀. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọdún tuntun fi wọlé.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé tẹlifíṣọ̀n tó ń hó wá. Ó ń ṣí álíbọ́ọ̀mù lọ, ó ṣí i dé ẹ̀yìn, ó ní, "Èyí gan-an ni." Mo wò ó. Ojú ewé MÀMÁ ni. Ẹnì kan ti yọ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó ń hó funfun, ó sì fi í sáàárín igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo lẹ̀. Mo fà á jáde, mo sì yíjú sí àbúrò mi.

Ó ní, "Má yọ ọ́. Màmá ni."

Mo ní, "Màmá dà níbẹ̀?"

Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa: "Kò lọ síbì kankan. Ó wà nínú ẹ̀. Bàbá máa yọ ọ́ jáde."

Bàbá mi gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà síbi tó wà, ó ní kí oníbàárà máa lọ ná. Látọjọ́ náà, mi ò gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́.