Owó Iná Tí Widad San Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Widad, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àpá iná kún inú rẹ̀ títí dé igbúnwọ́, nítorí iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀wù àwọn dókítà, aṣọ ìgbéyàwó, sòkòtò àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Trípólì, ní Lẹ́bánónì níbí, èmi ní àjà kejì, òun àti Nasri ọkọ rẹ̀ ní àjà kẹta lórí mi. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Samih. Widad ni wọ́n ń pè ní Widad lásán, àwọn obìnrin mìíràn ládùúgbò sì máa ń pe orúkọ náà bí ẹni tó ń tutọ́.

Òkúta ilẹ̀ ni Nasri máa ń gé tó máa ń tẹ́ sínú ilé àwọn olówó nígbà tó lágbára. Eruku òkúta yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ó wá di ẹni tó ń dùbúlẹ̀, okùn rọ́bà nímú, ẹ̀rọ kan tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Iná ni ẹ̀rọ yẹn ń mu. Iná ìjọba, àlejò ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Iná tí à ń tan, ti jẹnẹrétọ̀ Bàbá Rabih ni, gbogbo òpópónà wa ló so wáyà mọ́ ọn. Bó bá sì ti di ọ̀sán, Bàbá Rabih á pa á kó lè sinmi, ó di ìrọ̀lẹ́. Láàárín ìgbà yẹn, sílíńdà afẹ́fẹ́ ni Nasri ń fi mí. Bí sílíńdà bá tán, wọ́n á gbé e lọ rọ, ó sì wọ́n bí ojú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni Jaafar, ọmọọṣẹ́ Bàbá Rabih, máa ń wá gba owó iná. Kì í gun àtẹ̀gùn. Á dúró sí ìsàlẹ̀, á pe ilé kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù á so owó rẹ̀ sínú agbọ̀n, á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti bákónì. Bí Jaafar bá ti kó o, á figbe ta: "Ilé Nasri ti san o! Ilé Ìyá Samih ti san o!" Bàbá Rabih ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ojú lè ti ẹni tí kò tíì san. Ìkà ni, àmọ́ ó wúlò fún Widad. Ojú ń ti Nasri pé ìyàwó òun ló ń san owó iná, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ máa ń dá ikọ́ sí i lọ́rùn, Widad kì í sì í sọ ọ́ rárá. Igbe Jaafar ló ń jíṣẹ́ fún un pé wọ́n ti san.

Ní oṣù tí mò ń wí yìí, òtútù mú Jaafar, ohùn rẹ̀ há pátápátá. Àtẹ́wọ́ ló fi ń pe àwọn ilé. Nasri ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí Widad sọ agbọ̀n kalẹ̀. Jaafar kó owó, ó na ọwọ́ sókè, ó bá tiẹ̀ lọ. Igbe kankan ò jáde.

Nasri jí, ó ń retí igbe. Ó retí, retí, kò gbọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Widad ò rí owó san, wọ́n á já wáyà wọn, ẹ̀rọ á dákẹ́, áyọ́ọ̀nù náà á tutù. Aago ọwọ́ kan ló kù tí wọ́n lè tà nínú ilé yẹn. Wọ́n fi í pamọ́ de ọjọ́ tí kò ní sí owó sílíńdà. Fawaz onígbàjámọ̀ wá gé irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí Widad lọ dá aṣọ padà, Nasri bá ki aago náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Tà á, kí o fún Jaafar lówó iná. Má sọ fún Widad."

Fawaz tà á, ó san án. Jaafar gba owó náà, kò sọ pé Widad ti san tẹ́lẹ̀. Ọ̀fun ló ń dùn ún, ọwọ́ ò dùn ún.

Lálẹ́, Nasri ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. "Máa lọ aṣọ rẹ, Widad. Ọkọ rẹ ti san owó iná." Widad sọ fún mi pé òun náà rín ẹ̀rín, òun fi ẹnu kò ó lórí, òun wá lọ sí ilé ìdáná lọ fi aṣọ di ẹnu ara òun.

Ilẹ̀ mọ́, ó ní kí n bá òun lọ. Bàbá Rabih jókòó nítòsí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń fi eyín la kóró elégédé, ó ń tu èèpo sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Rabih," ni Widad wí. "Jaafar gba owó wa lẹ́ẹ̀mejì."

"Lẹ́ẹ̀mejì? Ọlọ́run ṣeun! Àwọn kan ò san rárá, ẹ̀yin ń san méjì. Kí Ọlọ́run sọ gbogbo àdúgbò di Widad."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀kan padà. Owó sílíńdà Nasri ni."

"Owó rẹ ti di dísẹ́ẹ̀lì, dísẹ́ẹ̀lì ti di èéfín. Wò ó lókè yẹn. Gun òrùlé lọ kó o."

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Rabih, ẹni tó ń wá èémí là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o!"

"Ìyá Samih, ta ló bá yín wí? Mi ò jẹ owó ẹnikẹ́ni. Owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, ti oṣù tó ń bọ̀ ni. Ẹ máa lọ sílé."

Widad ní, "Ẹ fún mi ní ìdajì nígbà náà. Tàbí kí ẹ má pa jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án, kí Nasri lè mí."

"Kí n máa sun epo gbogbo òpópónà nítorí imú ẹnì kan?" Ó tu èèpo. "Ìwọ náà, inú ilé kan náà, ọkọ san, ìyàwó san, ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀? Ẹ̀ bá bí ọmọ kan ṣoṣo, kó máa jíṣẹ́ láàárín yín."

Widad yí padà, èmi ni mo ń ṣépè dé ilé.

A dá owó jọ, èmi àti Fawaz. Kí ni a ní? Ẹni tó ń rọ afẹ́fẹ́ fi owó wa rọ sílíńdà náà dé ìwọ̀nba. Widad ń ṣọ́ ọ lò, Nasri náà ń ṣọ́ ọ, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ ń sinmi, iná ìjọba ò dé, sílíńdà tán. Igbe Widad ni mo gbọ́ lórí mi. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó ti tán. Ojú Nasri dúdú bí ewé tí òtútù pa, Widad sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó ṣe, iná dé, ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn fún òkú.

Bàbá Rabih wá sí ilé ọ̀fọ̀. Ó mu kọfí, ó ní Nasri jẹ́ ẹni tó máa ń san owó rẹ̀ déédéé. Kò sẹ́ni tó já a ní koro nínú wa, torí wáyà gbogbo wa ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Oṣù yí, Jaafar dúró sí ìsàlẹ̀. "Ilé Nasri!"

Widad yọjú ní bákónì, èmi náà yọjú ní tèmi. Widad ní, "Owó oṣù yìí ń bẹ lọ́wọ́ yín, Jaafar."

Jaafar ń wo ilẹ̀. "Àǹtí, Bàbá Rabih ní owó yẹn, lórúkọ Nasri ló wà. Nasri ti kú, àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ẹ̀yin oníbàárà tuntun ni yín."

Mo dúró kí Widad bú u. Mo ti pèsè èébú tèmi sílẹ̀. Àmọ́ aṣọ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀ yàrá rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ò sì mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wà. Ó wọlé, ó jáde, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kọjá níwájú mi, agbọ̀n náà sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Jaafar kó owó inú rẹ̀.

"Jaafar, ṣé ọ̀fun rẹ ti yá?" ni Widad bi í.

"Ó ti yá, àǹtí."

"Ó dáa. Kígbe."

"Ilé Nasri—"

"Widad. Widad ni kí o pè."

"Widad ti san o!"

"Mi ò gbọ́. Kígbe dáadáa, kí ẹni tó wà nínú ilé lè gbọ́."

Jaafar kígbe títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Widad fa agbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wọ inú ilé tí kò sẹ́nì kankan lọ, ó sì ki wáyà áyọ́ọ̀nù bọ iná.